Kí Ẹ Tó Fi Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀bù Lé Ẹlòmíràn Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwa ọlọ́jà. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, ó wá fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bóyá ọjà ni kò tà mọ́, bóyá ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí Abẹ́òkúta, bóyá ara ni kò gbà á mọ́. Ẹlòmíràn sì wà tó ń wá ṣọ́ọ̀bù ojú títì kiri. Àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n dúnàádúrà, owó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Wọ́n ní ó ti parí.

Kò tíì parí o. Ẹni kẹta wà níbẹ̀ tí wọn kò pè, òun gan-an ló sì ni ilé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpèjúwe là á. Ká pe ẹni tó fẹ́ kúrò ní Ìyá Aláṣọ, ká pe ẹni tó fẹ́ wọlé ní Ìyá Onírẹsì. Ìyá Aláṣọ gba ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì, ó san ₦240,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó túmọ̀ sí ₦10,000 lóṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ó ní òun ń kó lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: oṣù mẹ́rìndínlógún ló kù, owó ibẹ̀ jẹ́ ₦160,000. Ṣùgbọ́n ₦250,000 ló ní kí Ìyá Onírẹsì mú wá, nítorí ó ní òun kan ṣẹ́ẹ̀fù, òun ra káńtà, òun fi irin sí fèrèsé, àwọn oníbàárà sì ti mọ ojú ibẹ̀. Ìyá Onírẹsì sanwó. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gba rìsíìtì àtijọ́, ó kó àpò ìrẹsì rẹ̀ wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọmọ onílé dé. "Mà, ẹ má bínú o, ta ni yín? Ìyá Aláṣọ la yá ṣọ́ọ̀bù yìí fún."

"Mo ti sanwó, ọmọ mi. Gbogbo owó ibẹ̀ ni mo san."

"Ta lẹ san án fún, mà? Ìwé yín dà?"

Ìyá Onírẹsì fa rìsíìtì yọ, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Ó pe Ìyá Aláṣọ lórí fóònù, fóònù kò lọ. Owó tó san yẹn kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń fi kóńgò wọn ìrẹsì tà. Nígbà mìíràn owó àjọ ni, nígbà mìíràn owó kóópù ni, tí èlé ń gun orí rẹ̀ lóṣooṣù.

Ta ló ni ibẹ̀?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, kí a tó sọ̀rọ̀ owó rárá. Ìsọ̀ tó wà nínú ọjà ìjọba, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi ọjà dídá sílẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ àti ìṣàkóso rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Fún àwa, ìyẹn ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú wa níbí. Ẹni tí kánsù fún ní ìsọ̀ kò rà á. Ààyè láti jókòó tajà ni wọ́n fún un, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ sínú ìwé wọn. Bó bá fẹ́ fi í sílẹ̀, kánsù ló ń fi í sílẹ̀ fún, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan ń "ta" ìsọ̀ kánsù. A kò ní fi bò. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ lè jókòó níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún láìsí ẹni tó bi í léèrè, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kánsù bá ní àwọn ń tún ọjà kọ́, orúkọ tó wà nínú ìwé ni wọn yóò pè. Ẹ ráńtí ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábà, ní Èkó: iná jó o ní òpin ọdún 2007, ó di 2014 kí wọ́n tó ṣí tuntun tí wọ́n kọ́. Nínú ọdún bí méje, ta ló máa dúró jẹ́rìí pé ẹni báyìí ta ìsọ̀ fún ẹni báyìí? Ìwé nìkan ni. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ìsọ̀ kánsù ni, ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọjà, kí wọ́n yí orúkọ padà, kí rìsíìtì owó tó tẹ̀lé e sì jáde ní orúkọ ẹni tuntun.

Ṣọ́ọ̀bù aládàáni, bí àwọn tó wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta tàbí ọ̀nà Ìlaròó, onílé la ó wá lọ. Kí ó dá wa lójú pé onílé ni, kì í ṣe ẹni tó ń bá a gba owó lásán. Bí onílé bá sì ti kú, tí ilé ti di ilé ẹbí, ẹ tún fara balẹ̀ sí i. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ti ń sọ ọ́ pé ẹnì kan kò lè dá gbé ohun ìní ẹbí fún àlejò: olórí ẹbí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí àwọn àgbà ẹbí sì fọwọ́ sí i. Ọmọ kan ṣoṣo tó wá gba owó lọ́wọ́ yín ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kò tó. Àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ ní Mọ́ńdè.

Ẹni tó gbé kọ̀ńténà lé ilẹ̀ onílẹ̀ náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Tirẹ̀ ni kọ̀ńténà, ó lè tà á. Ilẹ̀ tí kọ̀ńténà jókòó lé kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá rà á láì bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ lè di ẹni tó ń wá kíréènì kiri.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa ní ilẹ̀ Yewa. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ̀ pé òun lè dáko, òun sì lè kórè, ṣùgbọ́n òun kò gbọdọ̀ fa ilẹ̀ náà lé àlejò mìíràn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé onílẹ̀ mọ̀. Bó bá ṣe é, onílẹ̀ lè torí rẹ̀ gba ilẹ̀ padà. Ṣọ́ọ̀bù la yí i sí, ìwà kan náà ni.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀bù ń gbà yí ọwọ́

Orúkọ kan ṣoṣo la máa ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Mo ti gbé ṣọ́ọ̀bù mi fún un." Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Èkíní ni kí Ìyá Aláṣọ gbé gbogbo oṣù mẹ́rìndínlógún tó kù fún Ìyá Onírẹsì, kí òun má ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Èyí ni àwọn lọ́yà ń pè ní assignment. Èkejì ni kí ó yá a fún un fún oṣù díẹ̀, bóyá ọdún kan, kí òun tún padà sí i tó bá yá, tàbí kí ó yọ ìdajì ṣọ́ọ̀bù fún un. Sublet nìyẹn. Níbi sublet, Ìyá Aláṣọ ló di onílé fún Ìyá Onírẹsì, òun náà ṣì jẹ́ ayálégbé lọ́dọ̀ onílé gidi. Bí ti Ìyá Aláṣọ bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ onílé, ó ṣeé ṣe kí ti Ìyá Onírẹsì bá a lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ń sanwó déédéé. Ẹ̀kẹta ni kí Ìyá Aláṣọ dá ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé, kí onílé sì fúnra rẹ̀ kọ ìwé tuntun fún Ìyá Onírẹsì.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń kúrò, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ ọ́n. Nínú ọ̀nà èkíní, ẹ kò tíì bọ́. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú onílé, àdéhùn yẹn sì wà lọ́rùn yín títí ìgbà náà yóò fi parí, àfi tí onílé bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti tú yín sílẹ̀. Bí ẹni tuntun bá ba ilé jẹ́, tàbí tí owó kan bá kù tí kò san, onílé lè wá yín dé Abẹ́òkúta tí ẹ kó lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òfin yìí ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn rí i pé ó ń ni ayálégbé lára, wọ́n sì ṣe òfin kan ní 1995 pé, fún àdéhùn tuntun tí a bá ṣe láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1996, ẹni tó bá gbé tirẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́nà tó tọ́ ti bọ́. Òfin wọn yẹn kò kan tiwa. Ti àtijọ́ la ṣì ń lò níbí.

Tí ẹ bá bi wá, ọ̀nà kẹta la fẹ́ràn jù fún irú ṣọ́ọ̀bù tí àwa ń gbà. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lójú kan náà. Onílé kọ ọ́ pé òun gba ṣọ́ọ̀bù padà lọ́wọ́ Ìyá Aláṣọ, pé kò jẹ òun ní gbèsè kankan. Onílé tún kọ ọ́ pé òun yá a fún Ìyá Onírẹsì títí di ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí. Ìyá Onírẹsì wá san owó oṣù tó kù àti owó ẹrù fún Ìyá Aláṣọ lójú wọn. Ẹni tó ń lọ ti bọ́, ẹni tó ń bọ̀ ti ní orúkọ.

Ó ní ewu tirẹ̀ o, a kò ní ṣàì sọ ọ́. Onílé lè rí àyè yìí kí ó sọ pé, "Owó ṣọ́ọ̀bù ti gòkè, ẹni tuntun máa fi kún un." Nítorí náà kí Ìyá Aláṣọ má ṣe dá kọ́kọ́rọ́ padà kí gbogbo rẹ̀ tó wà lórí ìwé. Ẹni tó ti dá kọ́kọ́rọ́ padà kò ní ohun tó ń tà mọ́, onílé lè yá ibẹ̀ fún ẹni tó wù ú.

Ìyọ̀ǹda onílé

Àwọn kan máa ń bi wá pé, ṣé ó di dandan kí onílé gbà? Ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ìwé bá dákẹ́ pátápátá lórí ọ̀rọ̀ náà, òfin gbà pé ayálégbé lè gbé ìgbà tó kù fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìwé kì í sábà dákẹ́. Ọ̀pọ̀ àgíríméǹtì ló ní ìlà kan tó sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé onílé fún un ní ìyọ̀ǹda lórí ìwé. Bí ìlà yẹn bá wà tí ẹ fojú fò ó, onílé lè torí rẹ̀ sọ pé àdéhùn ti bàjẹ́, kí ó gba ilé rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnu lásán lẹ fi gba ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé ìwé dákẹ́, nítorí onílé lè sọ pé òun sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Kí lẹ ó fi já a nírọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ran ẹni tuntun lọ́wọ́. Bí onílé bá ti mọ̀ pé Ìyá Onírẹsì ló wà níbẹ̀, tó sì gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, tó fún un ní rìsíìtì ní orúkọ ara rẹ̀, ó ṣòro kí ó tún padà sọ pé òun kò gbà á. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ rìsíìtì. Ẹ má gba rìsíìtì tí orúkọ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín.

Bí onílé bá wá bínú ńkọ́? Kò ní ẹ̀tọ́ láti kó ẹrù yín síta fúnra rẹ̀. Ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lé Odumegwu Ojukwu jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ bá ìjọba wí gidigidi, wọ́n ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi agbára ṣe ti ara rẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ. Bí ó bá lè dé bá ìjọba ológun, ó lè dé bá onílé wa náà. Ìwé ìkìlọ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ wá. Ayálégbé ọdọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ti oṣooṣù sí oṣù kan, àyàfi tí àdéhùn wọn bá sọ òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọlọ́jọ́ méje tó ń sọ pé onílé ń lọ sí kóòtù.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣi èyí gbọ́. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà tó ní òpin, bí ọdún méjì ti Ìyá Aláṣọ, ọjọ́ tí ọdún méjì bá pé ni ìgbà rẹ̀ pé. Onílé kò ní láti fún un ní oṣù mẹ́fà mìíràn. Ìwé ọlọ́jọ́ méje ti tó kí ó tó lọ sí kóòtù. Ohun tí Ìyá Onírẹsì ń rà kò ju oṣù mẹ́rìndínlógún lọ. Bí ọkàn rẹ̀ bá wà lórí ọdún márùn-ún, kí ó bi onílé báyìí, kí ó tó sanwó, kí ìdáhùn onílé sì wà lórí ìwé.

Ẹ ó sì gbọ́ tí àwọn kan ń pariwo pé òfin ti ní kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 nìyẹn, ó sì kan ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti Èkó ni. Ẹ má gbé e lọ sí kóòtù Ayétòrò.

Gúdúwíìlì

₦90,000 tí Ìyá Aláṣọ gbé lé owó oṣù tó kù, kí la fi rà? Apá kan rẹ̀ ni ẹrù tó ṣeé fọwọ́ kàn: ṣẹ́ẹ̀fù, káńtà, irin fèrèsé. Apá kejì ni orúkọ tí ibẹ̀ ti ní. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí ìwé, kí ẹ ka ẹrù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye owó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a bá kàn mọ́ ilé, òfin sábà máa ń kà á mọ́ ara ilé. Ó gba ọlọ́jà láyè láti tú ohun èlò òwò rẹ̀ kí ìgbà rẹ̀ tó parí, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi símẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ ògiri lè di ìjà. Kí Ìyá Onírẹsì bi onílé lójú Ìyá Aláṣọ: "Bàbá, irin fèrèsé yìí, ṣé tiyín ni àbí ti Ìyá Aláṣọ?" Kò sí ohun tó dunni bíi kí ènìyàn sanwó ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò ni ilẹ̀kùn.

Ní ti orúkọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Aṣọ ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀, ìrẹsì ni ẹni tuntun fẹ́ tà. Ẹni tó wá ra àǹkárá kò ní tìtorí pé ó ti débẹ̀ rí kí ó gbé àpò ìrẹsì lọ sílé. Ojú títì ibẹ̀ lè dára, ṣùgbọ́n owó ojú títì ti wà nínú owó ilé tí onílé ń gbà. Gúdúwíìlì ní láárí nígbà tó bá jẹ́ òwò kan náà ni ẹni tuntun fẹ́ ṣe. Nígbà náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó ń lọ kò ní ṣí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní tòsí fún ọdún kan tàbí iye ìgbà tó bá bójú mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè gba owó yín tán kí ó lọ ṣí òmíràn ní òdìkejì títì, kí àwọn oníbàárà tí ẹ rà tẹ̀ lé e.

Ẹ tún wo ìwé onílé bóyá ó sọ irú ọjà tí a lè tà níbẹ̀. Onílé tó gba aláṣọ lè má gba ẹni tó ń ta gáàsì.

Ìwé náà fúnra rẹ̀

Òfin tí Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní 1959 lórí ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn wa jogún, gbà pé àdéhùn ẹnu dúró fún ìyálégbé tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ. Tó bá ju ọdún mẹ́ta lọ, lọ́yà ni kí ó ṣe é. Tó bá sì jẹ́ ọdún gígùn, ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, Òfin Ilẹ̀ ti 1978 wà níbẹ̀: gbígbé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ń fẹ́ ìyọ̀ǹda Gómìnà, tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ bó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ lọ́yà nìyẹn, ẹ má dá a ṣe.

Ti ọdún kan, ọdún méjì la máa ń ṣe jù. Òfin gba ẹnu fún gbígba ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Fún gbígbé e fún ẹlòmíràn, ìwé ni kí ẹ ṣe. Kò ní láti gùn. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, ọjọ́ tí ìgbà tó kù yóò parí, iye owó tí ẹni tuntun san àti ohun tó san án fún, ọ̀rọ̀ onílé pé òun gbà, ọ̀rọ̀ onílé pé òun tú ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀, ìfọwọ́sí wọn àti ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ lè kọ ọ́ ní Yorùbá. Bó bá di ọ̀ràn kóòtù, wọn á tú u sí Gẹ̀ẹ́sì.

Fún àwọn ìyá wa tí wọn kò kàwé, òfin kan wà tó ń dáàbò bò wọ́n. Ẹni tó bá bá wọn kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kà á sí wọn létí, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ yé wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ó tún gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sórí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Nítorí náà, bí akọ̀wé kan bá ní, "Ẹ sáà tẹ̀ka síbí, mà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ẹ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ ní kí ó kà á. Ẹ ní kí ó tún un kà.

Ohun tí a rí ní bọ́dà

Àwa tí a wà ní ìhà bọ́dà yìí mọ ohun tó lè mú kí ọlọ́jà fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ lójijì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti bọ́dà pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún ní kí epo bẹntiróòlù má wọ ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà ogún sí bọ́dà. Wọ́n ṣí bọ́dà mẹ́rin padà ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Sẹ̀mẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìdìrókò kò sí níbẹ̀; ó di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ẹni tó ti san owó ọdún méjì lójú ọ̀nà bọ́dà kí wọ́n tó tì í, owó ilé rẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́, ọjà kò sí. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wọlé ló ń dá iye owó, ẹni tó ń jáde sì máa ń fẹ́ gba ohunkóhun tó bá rí láìwo ìwé. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí a wo ìwé jù, nítorí gbèsè tó bá ṣẹ́ kù lè tẹ̀ lé ẹni tó jáde.

Àwọn tó ń ná ọjà Kétu àti Pọ́bẹ̀ nínú wa, tí wọ́n bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún, kí wọ́n mọ̀ pé òfin ibẹ̀ yàtọ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú ẹgbẹ́ OHADA, tí wọ́n fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1993. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Òfin òwò wọn tí wọ́n tún ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2010 sọ ọ̀rọ̀ yìí kedere. Bí ọlọ́jà bá gbé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú gbogbo ohun tó fi ń ṣòwò níbẹ̀ fún ẹni tuntun, onílé gbọ́dọ̀ gbà á. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lásán ló gbé fún un, onílé gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Ní méjèèjì, a gbọ́dọ̀ fi tó onílé létí lórí ìwé, nípasẹ̀ huissier tàbí ọ̀nà mìíràn tó ṣeé fi hàn, onílé sì ní oṣù kan láti tako ó ní kóòtù. Sublet kò sí lọ́dọ̀ wọn àfi tí àdéhùn bá gbà á. Èyí tó wù wá jù ni pé ẹni tó bá ti fi ṣọ́ọ̀bù ṣòwò fún ọdún méjì ti ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. Ẹ wo bí ó ti yàtọ̀ sí ti Ìyá Onírẹsì wa. Gúdúwíìlì ọ̀hún ní ohun tó dì mú. Tiwa dúró lórí inú rere onílé.

Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá fẹ́ yí ọwọ́

Ẹ má san gbogbo owó tán kí onílé tó fọwọ́ sí i. Bí Ìyá Aláṣọ bá ní òun nílò owó kíákíá, kí ó gba díẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, kí ó kọ ọ́ pé òun yóò dá a padà tí onílé bá kọ̀, kí ìyókù dúró. Ẹ lè gbé ìyókù náà fún alága tàbí akápò ẹgbẹ́ wa kí ó bá yín mú un dání.

Ẹ wo owó iná. Bí mítà bá wà, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí kò bá sí, ẹ bèèrè bílì tó dé kẹ́yìn, nítorí gbèsè iná kì í bá ẹni tó jẹ ẹ́ kó lọ, àwọn oníná ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni wọ́n ń já wáyà rẹ̀. Owó ọjà ti kánsù ńkọ́? Owó ẹni tó ń ṣọ́ ọjà lálẹ́ ńkọ́? Ẹ bèèrè gbogbo rẹ̀ lójú ẹni tó ń lọ.

Bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ ná, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kí ẹ tó lọ sí kóòtù, nítorí a lè pe onílé, kí ó sì jẹ́ wa. Bí kò bá jẹ́ wa, ilé ẹjọ́ májísíréètì wà. Ẹni tí kò bá lágbára lọ́yà lè lọ bá àwọn Legal Aid Council ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n sọ fún un bóyá wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. Kí ó mú gbogbo rìsíìtì dání, àti ti àtijọ́ àti ti tuntun.

Kí Ìyá Onírẹsì sì ra àgádágodo tuntun lọ́jọ́ náà gan-an. A kò mọ iye ènìyàn tí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ wà lọ́wọ́ wọn.